Òwe Ìlẹ̀kẹ̀ Nílé Oníṣẹ́ Ìlẹ̀kẹ̀

Òwe ti sú mi. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ẹnu Yorùbá jáde, pàápàá ẹni tó ti dàgbà tó èmi yìí, ṣùgbọ́n òótọ́ ni mo ń sọ. Àwọn ènìyàn a máa wí pé òwe lẹṣin ọ̀rọ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Nílé tí wọ́n ti bí mi, ẹṣin náà pọ̀ débi pé a kì í ríbi fẹsẹ̀ rìn.

Baba mi kì í dáhùn ọ̀rọ̀ ní tààrà. Bí ebi bá ń pa ọ́, òwe. Bí o bá ṣubú, òwe. Bí o bá béèrè lọ́wọ́ wọn pé ṣé kí o lọ sí ọjà Ìpàta báyìí àbí kí o dúró dìgbà tí oòrùn bá rọlẹ̀, wọn á pa òwe kan tí o ó jókòó máa tú títí ọjà yóò fi tú. Òwe kan ṣoṣo ni kì í wọ ilé wa, èyí tí wọ́n fi ń sọ bí imú ẹlẹ́dẹ̀ ṣe ń wọgbà díẹ̀díẹ̀. Baba mi ní ẹlẹ́dẹ̀ kò ní nǹkan kan tó fẹ́ wá ṣe nílé mùsùlùmí, ìbáà jẹ́ lórí ahọ́n.

Ìlẹ̀kẹ̀ ni iṣẹ́ wa, ìlẹ̀kẹ̀ òkúta pupa tí wọ́n fi mọ Ìlọrin káàkiri ayé ìgbà náà. Òkúta yẹn kì í ṣe ti ìtòsí. Àwọn Gàm̀bàrí ló ń rù ú wá láti Òkè Ọya. Baba mi á fi òòlù kékeré fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, wọn á wá fi irin tín-ínrín kan lu ihò sínú rẹ̀, wọn á máa kán epo sí i, wọn á lu ún láti ìhín, wọn á sì yí i padà lu ún láti ọ̀hún, kí ihò méjèèjì lè pàdé láàárín. Ibi tí wọ́n ti ń pàdé yẹn ni òkúta ti máa ń là. Èyí tí kò bá là ni wọn á wá lọ̀ lórí òkúta pẹlẹbẹ pẹ̀lú omi, láti àárọ̀ títí di Àlàásárì, títí yóò fi máa dán bí ojú ọmọ tuntun. Iṣẹ́ tó ń ba ọwọ́ jẹ́ ni, tó ń ba ẹ̀yìn jẹ́, tó sì ń ba ojú jẹ́ ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Oorun a máa kun ẹni tó bá ń lọ ìlẹ̀kẹ̀. Bí ọwọ́ bá sì tòògbé lórí òkúta, ìlẹ̀kẹ̀ á wọ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi òwe ṣiṣẹ́ nílé wa. Baba mi á ju ìdajì òwe sílẹ̀, ẹni tó bá sún mọ́ ọn á gbé ìdajì kejì. Wọn á ní, "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú..." Àbúrò wọn ọkùnrin, tó ń bá wọn ṣiṣẹ́, á dáhùn pé, "Kì í bàjẹ́." Baba á tún ní, "Ohun tí a bá fagbára mú..." Ohùn ìyá mi á sì ti ẹ̀yìnkùlé dáhùn pé, "Ní í le koko!" Ọwọ́ kò sì ní dúró. Bí mo ṣe kọ́ òwe nìyẹn, kí n tó mọ ohun tí wọ́n túmọ̀ sí. Mo lè parí òwe tí mi ò mọ orí rẹ̀ yàtọ̀ sí ìrù.

Òfin kan wà níbẹ̀ o, tí baba mi kò fi ṣeré rárá. Ẹni tó bá gbé ìparí òwe tí àgbà bẹ̀rẹ̀, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí o bá fi ẹnu ara rẹ pa odindi òwe níwájú ẹni tó jù ọ́ lọ, o gbọ́dọ̀ tọrọ gáfárà. O ó ní, "Tótó, ó ṣe bí òwe." Àgbà náà á dá ọ lóhùn pé, "Wàá rí òmíràn pa." Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ tó lè máa lọ. Mo gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ kan nígbà tí mo ṣì kéré. Mo rí baba mi tí wọ́n ń yára lu òkúta kan, ni mo bá ní, "Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù ojú ẹni," mo sì ń bá tèmi lọ. Irin dúró lọ́wọ́ baba mi. Wọn kò nà mí, wọn kò bú mi. Wọ́n kàn ń wò mí ni, títí mo fi kúnlẹ̀ tí mo ní tótó. Àwọn náà kì í yẹ òfin yìí. Bí olórí agbolé wa bá wà níjòókòó, baba mi pẹ̀lú irùngbọ̀n wọn á tẹ orí ba díẹ̀, wọn á ní, "Tótó, ó ṣe bí òwe o." Ẹni tó kéré ló ń wí i fún ẹni tó dàgbà. Mi ò tíì rí ibi tí àgbà ti wí i fún ọmọdé.

Nínú gbogbo òwe ilé wa, ọ̀kan ni baba mi fi ń yangàn. Bí oníbàárà bá dé tó ń yìn wọ́n, wọn á nàka sí mi níbi tí mo ti ń bu omi sínú àwo ìlọ̀, wọn á ní, "Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn." Gbogbo ènìyàn á rẹ́rìn-ín. Lójú baba mi, ẹlòmíràn ló ń fi í ṣe òwe. Ní ti àwọn, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni. Ọmọbìnrin tó bá sì ti agbolé oníṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ jáde lọ sílé ọkọ, ìlẹ̀kẹ̀ tí baba rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ lọ̀ ló gbọ́dọ̀ wà nídìí rẹ̀. Àwọn ìyàwó ilé tó máa wẹ ìyàwó tuntun lọ́jọ́ tó bá dé á rí i, wọn á sì mọ̀ pé ọmọ tí ilé rẹ̀ fẹ́ràn ni àwọn gbà wálé. Láti kékeré mi ni baba mi ti ń ṣa òkúta tó pupa jù pamọ́ sínú ìkòkò kan lábẹ́ ibùsùn wọn. Ìyá mi a máa ṣí i hàn mí nígbà tí inú wọn bá dùn. "Tìrẹ nìwọ̀nyí," ni wọ́n máa ń wí. Mo fọkàn sí ìkòkò yẹn ju bí mo ṣe fọkàn sí ọkọ tí mo máa fẹ́ lọ.

Kí n tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀, ayé ti yí. Òyìnbó ti fìdí múlẹ̀ nílùú, rélùwéè ti wọ Ìlọrin, ìlẹ̀kẹ̀ tiwọn náà sì ti bá a dé. Ní Ìpàta, wọ́n kó o sílẹ̀ lórí ẹní bí ẹni da àgbàdo, pupa, aró, èyí tó mọ́ gaara, ihò ti wà nínú rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti ṣe é, kò sí ẹni tó lọ̀ ọ́ títí ọwọ́ fi bó. Àwọn ènìyàn rà á. Mi ò bá wọn wí. Àwọn Gàm̀bàrí tó ń ru òkúta wá bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà, ìgbà tó yá a kì í rí wọn mọ́. Àbúrò baba mi ti ń wo ojú ọ̀nà tipẹ́. Lọ́jọ́ tó máa lọ ṣiṣẹ́ ní rélùwéè, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Tótó, ó ṣe bí òwe." Baba mi ní, "Wàá rí òmíràn pa." Wọ́n tún ní, "Ilé làbọ̀ sinmi oko." Kò padà wá sinmi lọ́dọ̀ wa.

Iṣẹ́ ọkùnrin ni iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ọkùnrin tán, èmi ni mo bọ́ síwájú òkúta ìlọ̀. Ó rẹ̀ mí láyé yẹn, irú àárẹ̀ tí oorun kì í mú kúrò. Baba mi a máa ju ìdajì òwe sílẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, èmi nìkan ni mo kù tí mo máa ń gbé e. Bí mi ò bá tètè gbé e, òwe náà á wà nílẹ̀ láàárín wa.

Àsìkò náà ni wọ́n fi yìgì ìgbéyàwó mi sí ẹ̀yìn àwẹ̀. Ìdílé àáfà ni mo ń lọ, nílùú wa níbẹ̀. Baba mi ní tí àwọn bá ti parí iṣẹ́ díẹ̀ tó wà nílẹ̀, àwọn á ṣí ìkòkò mi.

Ìyá àgbàlagbà kan wá dé láti ìhà Èkìtì. Ẹni ńlá ni, àwọn ènìyàn tẹ̀ lé e, ó sì ti ń ra ìlẹ̀kẹ̀ lọ́wọ́ ilé wa láti ayé baba baba mi. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ń lọ sílé ọkọ, kò sì fẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ òyìnbó. Ó ní, "Mo ti rin ọ̀nà yìí ká, wọ́n ní gbogbo yín ti kó òkúta yín dànù. Mo ní kì í ṣe ilé tí mo mọ̀." Àwọn àgbà agbolé wà níjòókòó. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti wá baba mi wá báyìí. Mo rí i bí ẹ̀yìn wọn ṣe nà. Wọ́n ní, "A ó ṣe é. Ẹ padà wá lẹ́yìn àwẹ̀." Wọ́n gbé obì wá, wọ́n là á, gbogbo wọn jẹ nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ti jẹ obì lé ọ̀rọ̀ lórí níwájú àgbà, ọ̀rọ̀ náà ti di ti gbogbo agbolé. Ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́, gbogbo wọn ló dójú tì.

Baba mi rò pé òkúta ń bọ̀ ni. Wọ́n ránṣẹ́ sí Sábó, wọ́n ránṣẹ́ sí gbogbo ibi tí Gàm̀bàrí máa ń sọ̀ sí. Òkúta kò wá. Àwẹ̀ wọlé, àwẹ̀ dé àárín, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má lu irin kankan. Mo kíyè sí i pé wọn kì í wò mí lójú mọ́. Nígbà tó ṣe, lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, wọ́n gbé ìkòkò mi jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ òkúta inú rẹ̀. Mo jókòó síbi tí mo máa ń jókòó sí, mo bu omi sínú àwo.

Ìyá mi wọlé wá. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wo ìkòkò náà, wọ́n wo baba mi. Bí wọ́n ṣe máa ń ju òwe nílé wa ni wọ́n ṣe jù ú, ohùn wọn kò lọ sókè. "Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀..."

Kò sẹ́ni tó gbé e. Èmi ni mo sún mọ́ ọn jù, mo sì tẹjú mọ́ àwo omi. Baba mi ń kán epo sí ojú irin. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, òmíràn ni wọ́n jù sílẹ̀: "Ẹyin lọ̀rọ̀..." Ìyá mi mọ ìyókù rẹ̀ dáadáa, pé bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Wọn kò wí i. Wọ́n kàn ní, "Ìlẹ̀kẹ̀ ọmọ mi ni ẹ fẹ́ gbé fún ọmọ ẹlòmíràn yẹn."

"Mo ti jẹ obì," ni baba mi wí.

"Ẹ jẹ obì kẹ́ ẹ tó rí òkúta?"

Baba mi tún mú irin wọn. Ìyá mi padà sẹ́yìnkùlé.

Wọ́n ní òwe ń kọ́ni lọ́gbọ́n, òótọ́ sì ni. Ohun tí wọn kò sọ fún ọmọdé ni pé kò sí òwe tí kò ní ọ̀tá tirẹ̀. Ọ̀kan á ní kí o dúró, òmíràn á ní kí o máa lọ, àgbà ló sì ń yan èyí tó bá ohun tó ti fẹ́ ṣe mu. Lọ́jọ́ náà, òwe méjì dúró nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa wọ́n ń wo ara wọn, èmi ni mo wà láàárín wọn pẹ̀lú àwo omi. Kó yé yín, baba mi kì í ṣe ìkà. Bó bá jẹ́ ìkà ni wọ́n, ì bá rọrùn fún mi.

Èmi ni mo lọ ìlẹ̀kẹ̀ náà. Ta ni ì bá tún lọ̀ ọ́? Ojú baba mi kò rí dídán rẹ̀ mọ́, ọwọ́ ni wọ́n fi ń wò ó. Mo ń fi àwẹ̀ lẹ́nu lọ ìlẹ̀kẹ̀ ara mi fún ìdí ọmọ tí mi ò mọ̀, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, mo sì ń ṣe é dáadáa, nítorí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é láìdáa. Bí inú ṣe ń bí mi tó, ọwọ́ mi kò gbà fún mi láti bà á jẹ́. Baba mi kò ju òwe kankan sílẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn. Ìró òkúta lórí òkúta nìkan là ń gbọ́.

Ìyá Èkìtì padà wá bó ṣe wí. Ó gbé ìlẹ̀kẹ̀ náà sókè sí oòrùn, ó súre fún baba mi, ó súre fún ọwọ́ wọn, àwọn àgbà agbolé ń mi orí. Wọ́n ní baba mi kò dójú ti agbolé. Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Inú bí mi débi pé orí ń fọ́ mi.

Ìyá mi lọ sí Ìpàta, wọ́n ra ìlẹ̀kẹ̀ òyìnbó, èyí tó pupa jọ tiwa. Òun ni mo wọ̀ lọ sílé ọkọ. Àwọn ìyàwó ilé tó wẹ̀ mí lọ́jọ́ tí mo dé, wọ́n ti múra láti rí ìlẹ̀kẹ̀ ọmọ oníṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀. Wọ́n rí tèmi. Ọ̀kan nínú wọn fọwọ́ kàn án, ó wo èkejì rẹ̀, ó ní, "Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀..." Wọn kò jẹ́ kí n gbọ́ ìyókù, ẹ̀rín ni wọ́n fi parí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà di àpárá nínú ilé yẹn. Bí mo bá bínú, ìdajì òwe. Bí mo bá gbé ara mi ga díẹ̀, ìdajì òwe. Wọn kò kórìíra mi, àwa náà sì wá di ọ̀rẹ́ nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí àpárá náà tó gbó.

Mo ń lọ kí àwọn òbí mi déédéé. Ọmọ kì í torí ìlẹ̀kẹ̀ kọ baba. Mo ń bímọ, mo ń gbé wọn lọ hàn wọ́n, baba mi ń ṣàdúà fún wọn, wọ́n ń pa òwe fún wọn pàápàá. Òwe kan ṣoṣo ni mi ò gbọ́ lẹ́nu wọn mọ́. Àwa méjèèjì ń yí i ká bí ẹni ń yí kànga ká lójú òkùnkùn. Wọn kò sọ pé ó dun àwọn, èmi náà kò béèrè. Irú ilé wa, bí kò bá sí òwe fún nǹkan, kò sí ẹnu fún un.

Iṣẹ́ náà kú pátápátá. Ojú baba mi lọ tán. Ìyá mi gbé òkúta ìlọ̀ lọ sẹ́yìnkùlé, wọ́n ń fọṣọ lórí rẹ̀, ojú ibi tí ìlẹ̀kẹ̀ ti wa kòtò sí i sì ń dá omi ọṣẹ dúró. Baba mi á jókòó lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe ń yí ọmọ tẹ̀sùbáà náà lábẹ́ àtàǹpàkò, ẹni tó bá mọ̀ wọ́n máa mọ̀ pé ihò rẹ̀ ni wọ́n ń wá.

Ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, ọyẹ́ ń fẹ́. Wọ́n ti kírun Àlàásárì, mo gbé ẹ̀kọ wá fún wọn, ìyá mi ń gbálẹ̀ lẹ́yìn wa. Baba mi ní kí n mú ọwọ́ mi wá. Mo gbé e lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n fi ìka wá ibi tó le ní àtẹ́lẹwọ́ mi, ibi tí òkúta ti jẹ, tí kò rọ̀ mọ́ láti ìgbà yẹn. Wọ́n di ibẹ̀ mú. Wọ́n wá pa á, odindi, wọn kò dá a sí méjì, wọn kò fi sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti gbé:

"Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn."

Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Ni wọ́n bá tẹ orí wọn ba díẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe níwájú olórí agbolé wa tó ti kú, wọ́n ní, "Tótó, ó ṣe bí òwe o."

Ìgbálẹ̀ dúró lọ́wọ́ ìyá mi. Mo wẹ̀yìn, kò sí ẹni tó dàgbà ju baba mi lọ lẹ́yìn mi. Èmi ni wọ́n ń wí i fún. Ọkàn mi gbọgbẹ́, inú mi sì dùn, mi ò lè sọ èyí tó ṣáájú. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n sọ, ọ̀rọ̀ àgbà ni. Báwo ni mo ṣe máa gbé e sókè lé baba mi lórí? Bí mi ò bá sì wí i, òwe náà á tún wà nílẹ̀ láàárín wa. Baba mi kò gbé orí sókè. Ojú wọn tí kò ríran mọ́ wà lórí ẹní, wọ́n ń dúró de èsì, wọ́n sì dúró pẹ́.

"Ẹ ó rí òmíràn pa, Baba," ni mo wí.

Wọ́n fi ọwọ́ mi sílẹ̀, wọ́n ní kí n gbé ẹ̀kọ náà sún mọ́ àwọn kó má baà tutù.

Wọn kò rí òmíràn pa fún mi o. Ọyẹ́ yẹn kò tíì lọ tán tí a fi sin wọ́n. Àwọn ọmọ ọmọ mi ń pa òwe káàkiri inú ilé báyìí, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n ń pa lódì, ó sì sú mi bí mo ṣe wí. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú wọn bá ní tótó níwájú mi, mo máa ń tètè dá a lóhùn.